Ṣé aṣọ la máa kó lọ fún àwọn tógun lé kúrò nílé ní Borno, àbí owó?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn ti kó aṣọ jọ kún yàrá kan bámú. Wọ́n ní kí n wá ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí Màídúgùrì fún àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé. Iye táwọn onímọ́tò ń pè ń kọ mí lóminú. Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí?

Ìyá Ìbejì:
Olúwa á san án fún yín. Ẹ ṣáà yọ àwọn gáàùn péńpé kúrò níbẹ̀, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù lọ́hùn-ún.

Kọ́pà Àná:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ. Owó ọkọ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Mo bá àwọn tó ń pín oúnjẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí n tó padà s'Óṣogbo. Aṣọ wà ní Monday Market, ọjà ńlá Màídúgùrì. Ọjà yẹn jóná ní February 2023, síbẹ̀ wọ́n ń tà.

Ẹni tá a bá fún ní ọkà bàbà máa ń tà lára ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn àlejò á ní ebi ò pa á nìyẹn. Irọ́ ni! Kò sówó ẹ̀rọ, kò sówó igi ìdáná, ta ló máa jẹ ọkà lódindi? Ìyá àgbà kan wà, ará Bama, Kànúrì ni. Kó tó kúrò níbi tá a ti ń pín in ló ti tú àpò, tó ń fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n: èyí fún ẹlẹ́rọ, èyí fún onígi, èyí fún ọṣẹ. Obìnrin tí kò bá sì rówó igi, inú igbó ló ń lọ ṣẹ́ ẹ, níbi táwọn tó lé e kúrò nílé wà.

Gbogbo wọn kọ́ ló wà lágọ̀ọ́ o. Láti 2021 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Borno ti ń ti àwọn àgọ́ inú ìlú pa. Ọ̀pọ̀ ló fara pamọ́ sọ́dọ̀ ẹbí, wọ́n há mọ́ yàrá kan, ọkọ̀ tó bá lọ sí àgọ́ ò sì ní rí wọn. Ní July 2025, àjọ WFP, ìyẹn ẹ̀ka tó ń pín oúnjẹ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tún kéde pé owó ti tán lọ́wọ́ òun, pé òun á dá oúnjẹ èèyàn mílíọ̀nù 1.3 dúró lágbègbè yẹn.

Ẹ ta aṣọ yín ní bòsíkọ́nà, kẹ́ ẹ fi kún owó.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ta la máa fi rán sí tí kò ní kó o jẹ?

Kọ́pà Àná:
Ẹ má sanwó sí àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ wá ẹ̀ka ìjọ yín níbẹ̀, kí àwọn méjì-mẹ́ta jọ fọwọ́ sí i, kí wọ́n ra nǹkan, kí wọ́n fi rìsíìtì ránṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n bi àwọn obìnrin léèrè kí wọ́n tó rà á. Páàdì nǹkan oṣù ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ, ọkùnrin kì í rántí ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò ẹni tó ń na ọwọ́ gba ìrẹsì.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Mo ti bá ìyá ààrẹ ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà lórí owó, wọ́n gbà lórí páàdì. Ti fọ́tò yẹn ni wọn ò gbà, wọ́n ní kí ni àwọn máa fi han ìjọ? A ṣì ń fà á.