Mo yọ lúfà, mo fi sláídìn sí i, síbẹ̀ eruku ọyẹ́ ṣì ń wọlé, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Mofẹ́, Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ilé bàbá mi la ń gbé níbí l'Óṣogbo, lúfà onígíláàsì ni wọ́n fi sí gbogbo fèrèsé ẹ̀ látijọ́, ó ti gbó, gíláàsì míì ti yọ dànù, irin tí wọ́n fi ń ṣí i ti dá, la bá ní ká yọ gbogbo ẹ̀ ká fi alumíníọ́mù onísláídìn sí i. Oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni wọ́n ṣe é, fèrèsé mẹ́fà, gbogbo owó àjọ mi ló bá a lọ. Ó rẹwà lójú, inú màmá mi dùn, wọ́n ní ilé ti di ilé tuntun.

Òjò oṣù kẹwàá ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Ó rọ̀ tòun tìjì, mo wá rí omi tó ń ṣàn wálẹ̀ lára ògiri lábẹ́ fèrèsé yàrá àwọn ọmọ, mo rò pé mi ò tì í dáadáa ni. Ìgbà tí ọyẹ́ dé lọ̀rọ̀ wá burú sí i. Tílẹ̀ bá mọ́, eruku kúnná bí àtíkè á ti bo orí tẹlifíṣọ̀n, á bo bẹ́ẹ̀dì, á wọ inú ìkòkò tí mo dé. Lóru kọ́tìnnì á máa mì, bẹ́ẹ̀ fèrèsé wà ní títì, mo tún ti há kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, atẹ́gùn á máa súfèé gba ẹ̀gbẹ́ kan, otútù á máa fẹ́ sí wa lórí. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ọmọ mi kejì ní ikọ́ fée, ọjọ́ tí eruku bá pọ̀ báyìí kì í sùn, èmi náà á jókòó tì í di ìdájí.

Mo pe ẹni tó ṣe é, ó ní bí sláídìn ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé kò sí sláídìn tí kì í gba atẹ́gùn. Ṣóòótọ́ ni? Ẹnì kan ní kí n ra silíkọ́nì, gọ́ọ̀mù tó máa ń dà bíi rọ́bà tó bá gbẹ, kí n fi dí gbogbo etí ẹ̀ pátá, nínú, lóde, ẹlòmíì ní kí n yọ ọ́ kí n lọ ṣe késìmẹ́ǹtì, fèrèsé tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn. Owó ẹ̀ẹ̀kejì ò sí o. Ẹ bá mi dá sí i.

Adé Òkè-Fìà:
Tèmi ni pé ẹ ò bá má yọ lúfà yẹn, mà. Ooru oṣù kejì sí ìkẹta níbí kì í ṣe kékeré, lúfà tẹ́ ẹ bá ṣí i, gbogbo ojú fèrèsé ló ń gba atẹ́gùn, sláídìn ìdajì péré ló ń ṣí. Èmi ò ní pààrọ̀ tèmi.

Ọ̀gá Alumíníọ́mù, Alékùwodò:
Adé, òótọ́ lo sọ nípa ooru, àmọ́ lúfà kì í tì pa, bí gíláàsì ẹ̀ ṣe gun ara wọn yẹn àlàfo wà láàárín wọn, tọyẹ́ bá dé, eruku ibẹ̀ máa ń ju ti sláídìn tí wọ́n ṣe dáadáa lọ. Ohun tí ìyá ń wá ni kí atẹ́gùn wọlé nígbà tí wọ́n bá ṣí i, kó sì dúró síta tí wọ́n bá tì í.

Ìyá Mofẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ ti ọmọ, Ọlọ́run á wò ó. Ẹ má tíì ra silíkọ́nì kankan. Ohun tí ẹni yẹn sọ fún yín, apá kan ẹ̀ ló jóòótọ́. Sláídìn gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀ kó tó lè rìn lójú irin ẹ̀, irun kúkúrú bíi ti búrọ́ọ̀ṣì tá a tẹ̀ sí etí ẹ̀ ló ń dí àyè yẹn, atẹ́gùn díẹ̀ á ṣì máa gba inú irun yẹn kọjá. Ìdí nìyẹn tí késìmẹ́ǹtì fi ń tì ju sláídìn lọ, rọ́bà ni tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti yí ọwọ́ ẹ̀, á fún rọ́bà yẹn mọ́ férémù gbọingbọin. Àmọ́ kọ́tìnnì tó ń mì nígbà tí fèrèsé wà ní títì, ìyẹn kì í ṣe ti irun nìkan, ibì kan ṣí sílẹ̀ ni.

Ibi tí mo fura sí jù ni àárín férémù àti ògiri. Lúfà àtijọ́, férémù onígi ló sábà máa ń ní, inú ògiri ni wọ́n rì í sí nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Tí wọ́n bá fi òòlù yọ ọ́, ojú ihò yẹn á rí gánnagànna, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ á wá gé férémù tuntun kéré sí ihò kó lè wọlé wẹ́rẹ́, wọ́n á fi síkúrú dè é, wọ́n á rẹ́ sìmẹ́ǹtì sí i lójú, ẹ̀yìn ẹ̀ á ṣófo. Mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá, àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ mọ̀ pé mo máa ní kí wọ́n tú u ni. Alumíníọ́mù tún máa ń fẹ̀ nínú oòrùn tó ìlọ́po méjì sìmẹ́ǹtì, á sì súnkì padà lóru, tó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, pílásítà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á là, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun lẹ máa rí, ibẹ̀ leruku ń gbà.

Ẹ wá a kẹ́ ẹ tó náwó. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ pa fáànù, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, ẹ máa gbé èéfín ẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ létí fèrèsé yíká, ibi tí èéfín bá ti ṣẹ́ tàbí tó tú ká, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Tó bá dalẹ́, kí ẹnì kan máa tan tọ́ọ̀ṣì láti ìta, kẹ́ ẹ̀yin wà nínú òkùnkùn, ibi tí iná bá ti yọ, ihò ni. Ẹ wo bí pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn apá onígíláàsì tó ń rìn, ṣe dúró náà, tí àlàfo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bá fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, rólà ẹ̀, táyà kékeré tó fi ń rìn, ló rọ̀ sápá kan, síkúrú kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e sókè, kí wọ́n yí i títí á fi gún.

Mo bẹ̀ yín, ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ férémù lápá ìta, ẹ má dí i. Ibẹ̀ lomi òjò tó bá kó sójú irin ń gbà jáde, tẹ́ ẹ bá dí i, omi yẹn á kún, inú ilé ló máa yí sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ silíkọ́nì tinú tòde yẹn ò fi tẹ́ mi lọ́rùn.

Nọ́ọ̀sì Ìlú Aró:
Ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹ̀kọ́ gidi lẹ kọ́ wa, àmọ́ kò yẹ kí wọ́n tan kọ́ìlì nínú ilé tí ọmọ oníkọ́ fée wà, èéfín ẹ̀ gan-an lè gbé ikọ́ yẹn dìde. Mà, tíṣù ni kẹ́ ẹ lò, ẹ ya á tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ dì í mú létí fèrèsé, á máa mì níbi tí atẹ́gùn bá wà. Eruku yẹn náà, aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a nígbà tí ọmọ wà nínú yàrá.

Nǹkan míì tó ń jẹ mí lọ́kàn, ibi tí eruku ń gbà wọlé, èéfín jẹnẹrétọ̀ ń gba ibẹ̀. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú ẹ̀, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó ń sùn ò ní mọ̀. Kí jẹnẹrétọ̀ yín àti ti aládùúgbò jìnnà sí fèrèsé tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, yálà ẹ ti dí ihò tàbí ẹ ò tíì dí i. Tí ilé bá sì ti tì pa báyìí, ẹ dákun, torí ọyẹ́, ẹ má gbé kóólù pọ́ọ̀tù wọ yàrá lálẹ́ láti yáná. Mo ti rí ẹni tí wọ́n gbé wá torí ẹ̀.

Ọ̀gá Alumíníọ́mù, Alékùwodò:
Ẹ ṣeun Nọ́ọ̀sì, mi ò ro ti ọmọ yẹn dé ibẹ̀. Tíṣù ni o, ìyá.

Bíríkìlà Ọmọ Òròkí:
Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Tó bá jẹ́ àárín ògiri ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn fi silíkọ́nì bò ó lójú, kò ní pẹ́ tí á fi ṣí. Kí wọ́n ha gbogbo pílásítà tó ti là kúrò títí wọ́n á fi rí ẹ̀yìn ẹ̀, kí wọ́n gbá eruku ẹ̀ dànù, kí wọ́n wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí wọ́n wá fín fóòmù inú agolo yẹn sí i, èyí tó ń wú. Omi yẹn ló ń mú un le. Kí wọ́n má fín in kún o, ìdajì ti tó, torí ó ń wú fúnra ẹ̀, tó bá pọ̀ jù á ti férémù wọnú, sláídìn ò ní rìn mọ́, mo ti bá a pàdé nílé kan l'Ọ́tà-Ẹfun, ṣe la tú fèrèsé yẹn pátá. Tó bá le tán kí wọ́n fọ̀bẹ gé èyí tó yọ síta, kí wọ́n rẹ́ sìmẹ́ǹtì bò ó, torí oòrùn ń jẹ fóòmù, á pọ́n, á sì máa rún bíi búrẹ́dì gbígbẹ. Láàárín sìmẹ́ǹtì tuntun àti alumíníọ́mù kí wọ́n fi àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni silíkọ́nì ń gbé, òun ló lè nà kó sì súnkì bí alumíníọ́mù ṣe ń ṣe. Kí sìmẹ́ǹtì ti gbẹ dáadáa kí wọ́n tó fi sí i. Èyí tó ń rùn bíi fínígà kì í di sìmẹ́ǹtì mú pẹ́, ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ neutral sí lára. Kí ẹsẹ̀ fèrèsé lápá ìta náà dà síta díẹ̀ kí omi má dúró níbẹ̀.

Ìyá Mofẹ́, Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Mo ti ṣe é, mo ní kí n wá jábọ̀. Tíṣù ni mo lò lọ́jọ́ tí ọyẹ́ le, nínú fèrèsé mẹ́fà, mẹ́rin ni ẹ̀gbẹ́ ògiri wọn ń fẹ́ atẹ́gùn, ọ̀kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé káàdì ATM mi wọlé tán sẹ́yìn férémù. Ti yàrá àwọn ọmọ, omi tó ń ṣàn níjọ́sí, ihò ìsàlẹ̀ tí Ọ̀gá sọ ni wọ́n ti rẹ́ sìmẹ́ǹtì dí méjèèjì, mo fi ìṣó tú u, mo bu omi sójú irin ẹ̀, ó sì jáde síta wọ̀ọ̀. Mo wá kíyè sí i pé abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé náà wà lára àwọn tó ń kó eruku wá, mi ò tiẹ̀ wo ibẹ̀ rí, fèrèsé nìkan ni mo ń bá jà. Mo ti ra rọ́bà tí wọ́n ń kàn mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn l'Ọ́jà Ọba.

Bíríkìlà àdúgbò wa ti dí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹ ṣe là á sílẹ̀, mo dúró tì í kó má fín fóòmù jù. Súfèé yẹn ti dákẹ́. Ìjẹta, ọmọ mi sùn mọ́jú. Ó ku ti pálọ̀, tíṣù ṣì ń mì níbi tí pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì ti pàdé láàárín, mo wò ó dáadáa, kò sí irun kankan níbẹ̀, bóyá wọn ò tiẹ̀ fi sí i rárá. Ọ̀gá, mo wọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni gíga ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ṣé ẹ ní irun yẹn ní ṣọ́ọ̀bù kí n rán ẹnì kan wá l'Álékùwodò lọ́jọ́ Sátidé?

Ọ̀gá Alumíníọ́mù, Alékùwodò:
Ó wà, ìyá. Kí ẹni yẹn gé díẹ̀ lára irun tó wà lára fèrèsé tó kù mú dání, ìwọ̀n ẹ̀ kì í ṣe bákan náà, èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù á máa yọ, èyí tó bá sì ga jù ò ní jẹ́ kó rìn.