Èjìká òsì mi ò tíì yá tán: ìbọn .22 wo ló fúyẹ́ tí mo lè fi máa yìn sí àmì?

ỌmọÀjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Àwọn tó mọ̀ nípa ìbọn ìdárayá ni mo ń wá, kì í ṣe ìbọn ọdẹ o, èyí tí a fi ń yìn sí àmì nínú kílọ́ọ̀bù ni mò ń sọ. Ilẹ̀ Faransé ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti gba lísáńsì, .22 (ìbọn ọlọ́ta kékeré) ni mo máa ń yìn ní mítà 50. Àmọ́ mo wà nílé báyìí lọ́dọ̀ màmá mi ní Àjàṣẹ́ torí alùpùpù gbé mi ṣubú, iṣan èjìká òsì já, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, dókítà ní kí n lọ sinmi dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń fa ìbọn, ìyẹn ni pé ọwọ́ òsì ló ń gbé iwájú rẹ̀, èjìká yẹn gan-an ló wá bàjẹ́.

Anschütz àtijọ́ ni mò ń lò, ó tó kílò 5, ìdí rẹ̀ igi, ọ̀pá rẹ̀ nípọn, ó sì gùn. Ó ń yìn ire gan-an ṣùgbọ́n mi ò rò pé màá tún lè gbé e mọ́. Mo fẹ́ tà á kí n ra èyí tó fúyẹ́ jù lọ tí mo bá rí. Mo ti rí Ruger 10/22 tí wọ́n fi ọ̀pá kábọ̀ọ̀nù sí, mo rí CZ 457, mo rí Tikka T1x. Èwo lẹ rò pé ó dáa? Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí á kàn fúyẹ́ lásán tí kò ní lè kó ọta jọ sójú kan ní mítà 50 o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ọdẹ Kétu

Pẹ̀lẹ́ o ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á ṣe é ní àwòtán. Èmi kì í yìn nínú kílọ́ọ̀bù ṣùgbọ́n ìbọn ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ní Kétu níbí, bàbá mi ọdẹ ni, bàbá tiwọn náà ọdẹ ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Ẹ má wo kílò nìkan. Ṣakabùlà bàbá mi, tí ẹ bá gbé e sórí ìwọ̀n ẹ ó ní kò wúwo, ṣùgbọ́n ẹ nawọ́ ẹ síwájú kí ẹ fojú sí i, kò ní pẹ́ tí ẹnu ìbọn á ti máa wálẹ̀, torí pé irin gígùn yẹn, iwájú ni gbogbo ìwúwo ẹ̀ wà. Nígbà tí apá bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá wọn ò pààrọ̀ ìbọn o, wọ́n gé pàlàkà igi kan, wọ́n há a so mọ́ àpò ọdẹ, tí wọ́n bá fẹ́ yìn wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ wọ́n á gbé ọ̀pá ìbọn lé e. Ẹran tí wọ́n ń pa ò dín rárá.

Nítorí náà ìbéèrè tèmi ni pé, ṣé dandan ni kí ẹ̀gbọ́n máa yìn lóòró láìgbé ìbọn lé nǹkan kan? Tí kílọ́ọ̀bù bá gbà kí ẹ gbé e lé àpò iyanrìn tàbí ẹsẹ̀ méjì onírin yẹn, ọ̀rọ̀ ìwúwo ti parí sí ìdajì nìyẹn, ìbọn tó wúwo díẹ̀ gan-an ló tún máa ń dúró jẹ́ẹ́ lórí àpò.

Kiné Ṣábẹ̀

Ẹ káalẹ́ gbogbo ilé. Àbúrò mi, ẹ kú ewu o. Kiné ni mí, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, Ṣábẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, irú èjìká yìí ò sì ṣàjèjì sí mi, àwọn tí alùpùpù dá lulẹ̀ kún ọ̀dọ̀ wa. Kí a tó sọ̀rọ̀ ìbọn rárá: iṣan tí wọ́n rán mọ́ egungun kì í lẹ̀ lọ́sẹ̀ kan lọ́sẹ̀ méjì, oṣù ló ń gbà. Tó bá ṣì ń dùn yín lóru tí ẹ bá sùn lé e lórí, tàbí tí ẹ ò tíì lè gbé ọwọ́ yẹn sókè fúnra rẹ̀ láìfi èkejì tì í, ẹ ò tíì débi ìbọn, ì bá à jẹ́ èyí tó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín ló máa sọ ọjọ́ tí ẹ lè gbé nǹkan, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ẹnikẹ́ni níbí.

Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ọdẹ yẹn òótọ́ pọ́ńbélé ni, ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà gbè é lẹ́sẹ̀. Ìbọn kílò 3 tí ojú ìwúwo ẹ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 60 síwájú èjìká, àti ìbọn kílò 4 àbọ̀ tí tiẹ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 40, tí ọwọ́ òsì bá wà lójú kan náà, agbára kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà lọ́wọ́ yẹn. Ẹ rí i báyìí. Ẹ gbé ìbọn sórí ìka kan, ibi tó bá ti dúró láìṣubú síwájú tàbí sẹ́yìn, ibẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n láti ìdí. Bí ibẹ̀ bá ṣe súnmọ́ èjìká tó ni ara ṣe máa rọ̀ yín tó.

Nígbà tí dókítà bá ti gbà, ẹ fi ìgò omi Possotomè lítà kan àbọ̀ dán ara yín wò nílé. Ẹ dì í mú bí ẹ ṣe ń di ìbọn mú, kí ìgúnpá lẹ̀ mọ́ egungun ìhà. Tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n kí ẹ tó mí tán lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ padà sídìí eré ìdárayá tí kiné yín fún yín.

Rájí_Marseille

Ará Àjàṣẹ́ ni mí èmi náà, Faransé ni mo wà, .22 ni mò ń yìn, mo gbọ́dọ̀ dá sí i 😀

Àkọ́kọ́, 10/22. Nínú mẹ́ta tí o dárúkọ òun ló fúyẹ́ jù lóòótọ́, èyí tí wọ́n ń tà lásán tó nǹkan bíi kílò 2.3, tí ó bá sì jẹ́ ọ̀pá kábọ̀ọ̀nù ó tún máa dín. Ṣùgbọ́n ó ń kó ọta tó kàn wọlé fúnra ẹ̀ ni, magasíìnì ẹ̀ (àpótí ọta) sì ń gba ọta 10, ní Faransé ìsọ̀rí B nìyẹn, ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ ni. CZ àti Tikka tí èèyàn ń fi ọwọ́ fa irin ẹ̀yìn wọn kí ọta tó wọlé, ìsọ̀rí C ni, lísáńsì rẹ tó fún un, o kàn máa kéde ẹ̀ fún ìjọba ni. Ohun tó jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn ni pé wọ́n ti máa sọ fún ẹ pé èyí tó ń kó ọta wọlé fúnra ẹ̀ ló dáa fún aláìlera torí kò sí fífa irin. Ọwọ́ ọ̀tún lo fi ń fa irin kẹ̀, ọ̀tún ò ṣe nǹkan kan, kí lo wá fẹ́ lọ máa wá ìwé B kiri sí?

Èkejì, gígùn ọ̀pá. Ẹ̀tù inú ọta .22 kéré, tí ọ̀pá bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 40 sí 45 ó ti jó tán, èyí tó kù nínú ọ̀pá gígùn, ìwúwo iwájú lásán ló jẹ́ fún ẹni bíi tìẹ. Awò tó ń fa àmì súnmọ́ ojú lo máa fi wò ó, àbí? Ẹni tó ń fi irin wo àmì ló nílò kí irin iwájú àti ti ẹ̀yìn jìnnà síra. Nítorí náà ọ̀pá kúkúrú tó nípọn díẹ̀ sàn fún ẹ ju ọ̀pá gígùn tín-ínrín lọ. CZ 457 American wà ní nǹkan bíi kílò 2.8, Tikka T1x ní 2.6, kí o tó gbé awò lé e o, awò pẹ̀lú irin ìdè ẹ̀ lè fi ìdajì kílò kún un, kí o má gbàgbé kà á mọ́ ọn. Èmi á mú Tikka torí ọ̀pá ẹ̀ ní kúkúrú, ìfà rẹ̀ sì rọ̀, ṣùgbọ́n lọ gbé méjèèjì sí èjìká ní ṣọ́ọ̀bù kí o tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ kíkó ọta jọ, ọta ni kí o náwó lé lórí. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ló ní ọta tó fẹ́ràn. Ra oríṣi mẹ́rin márùn-ún tó ń lọ lábẹ́ eré ohùn, ní nǹkan bíi mítà 325 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, yin oríṣi kọ̀ọ̀kan sí bébà tiẹ̀, wàá rí ìyàtọ̀ tó máa yà ẹ́ lẹ́nu.

Bọ̀dá Músíbáù

Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó dárúkọ kí ó yí ọwọ́ padà? Károly Takács, ará Họ́ńgárì, bọ́ǹbù ọlọ́wọ́ bú mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún ní 1938, ọwọ́ yẹn náà ló fi ń yin ìbọn ìléwọ́. Ó fi òsì kọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀, ó gba góòlù Òlíńpíìkì ní London ní 1948, ó tún gbà á ní Helsinki ní 1952. Tí ẹ̀gbọ́n bá gbé ìdí ìbọn sí èjìká òsì, ọwọ́ ọ̀tún tó le koko ló máa wá gbé iwájú, òsì á kàn máa fi ìka fa ìbọn. Ọta .22 ò ju gíráàmù 2.6 lọ, kò sí títa padà kankan tó máa dun èjìká.

Kiné Ṣábẹ̀

Bọ̀dá Músíbáù, ìmọ̀ràn yín dáa, ìtàn ọkùnrin yẹn sì wú mi lórí, ṣùgbọ́n ohun méjì. Títa padà ò lè dun ún lóòótọ́, àmọ́ ìdí ìbọn ń tẹ iwájú èjìká mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ibẹ̀ gan-an ni iṣan tí wọ́n rán kì í jìnnà sí, kó bi dókítà rẹ̀ kí ó tó dán an wò. Ìkejì ni ojú: tí ojú ọ̀tún bá jẹ́ ọ̀gá fún un, ìyẹn ojú tó gbára lé jù láti fi wo àmì, yóò máa jà pẹ̀lú ara ẹ̀. Takács, ìbọn ìléwọ́ ló ń yìn, kò fi nǹkan kan ti èjìká.

ỌmọÀjàṣẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín, mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún màmá mi, wọ́n ní kí n kí yín, pàápàá Àǹtí Kiné. Mo ti yẹ ojú mi wò, ọ̀tún ni ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yíyí ọwọ́ padà ti parí nìyẹn. Ní kílọ́ọ̀bù wa a máa ń yìn ní dídùbúlẹ̀, ní kíkúnlẹ̀, ní òòró, mo sì rò pé dídùbúlẹ̀ ló máa rọrùn jù fún mi láti fi bẹ̀rẹ̀, torí ilẹ̀ ló ń gbé ìgúnpá. Àbí?

Rájí_Marseille

Rárá o, ibẹ̀ lo ti máa dùn ẹ́ jù! Rántí bẹ́líìtì awọ tí a máa ń dè mọ́ apá òsì lókè, òun ló ń gbé ìbọn nígbà tí a bá dùbúlẹ̀, ó ń fa apá yẹn síwájú fún gbogbo àsìkò tí o fi ń yìn. Ní òòró ńkọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í fi ẹran ara gbé ìbọn, ìgúnpá òsì jókòó lórí egungun ìbàdí, egungun ló gbé e dúró, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń gbé ìbọn kílò 6 kílò 7 ní òòró tí ọwọ́ wọn ò gbọ̀n, kílò 8 sì ni òfin fi dé e ní mítà 50, kò sí òfin tó ní kó má fúyẹ́. Gbígbé e sókè àti gbígbé e sílẹ̀ láàárín ọta kan sí òmíràn ló ń pa èjìká. Ra irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń sinmi ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, kí ó ga tó àyà rẹ, kí o má bàa máa bẹ̀rẹ̀ gbé e láti orí tábìlì.

Kí o sì tó ná kọ́bọ̀ kan lórí .22, bẹ̀rẹ̀ ní mítà 10 pẹ̀lú ìbọn afẹ́fẹ́ mìlímítà 4.5. Kì í ṣe èyí tí a ń ká ọ̀pá ẹ̀ kí sípíríǹgì inú ẹ̀ tó le o, kíká yẹn nìkan á tún iṣan ẹ já, ó tún máa ń mì tìtì nígbà tó bá yìn. Èyí tó ní sìlíńdà ni kí o wá, tí a ń rọ afẹ́fẹ́ 200 bar sí, kò ta padà rárá. Walther, Feinwerkbau àti Anschütz, gbogbo wọn ló ń ṣe ti ọmọdé, ó fúyẹ́, ìdí ẹ̀ ṣe é fà síwá sẹ́yìn kí ó bá àgbàlagbà náà mu. Kílọ́ọ̀bù tó ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ máa ń ní i nílẹ̀, wọ́n á yá ẹ.

Ọmọ Ọdẹ Kétu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ta Anschütz yẹn o. Ẹ kó o síbi tó ní àgádágodo títí ara á fi le. Ìbọn tó bá ń yìn ire kì í wọ́pọ̀, ó lè jẹ́ ìdí igi yẹn nìkan lẹ máa pààrọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mìíràn lè ní kẹ́ ẹ gbé èyí tuntun wá sílé wá fi dánra wò ní abúlé wa, ẹ má gbà. Ìbọn ò ṣe é gbé la ibodè kọjá láìgba ìwé àṣẹ ìjọba ibí àti tọ̀hún.

ỌmọÀjàṣẹ́

Mo ti gbọ́, mi ò tà á mọ́. Ohun tí màá ṣe nìyí: ìbọn afẹ́fẹ́ ọmọdé ní mítà 10 ní àkọ́kọ́, pẹ̀lú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta láti fi sinmi ìbọn, tí dókítà bá ti ní ó yá. Lẹ́yìn náà màá gbé Tikka àti CZ lé ìka bí Àǹtí ṣe wí, èyí tí ojú ìwúwo ẹ̀ bá súnmọ́ èjìká jù ni màá mú, ì bá à fi gíráàmù igba ju èkejì lọ. Bẹ́líìtì á dúró ná.

Àǹtí Kiné, ṣé mo lè fi ìwé tí dókítà kọ ránṣẹ́ sí yín ní inbox? Ó kọ oríṣi eré ìdárayá mẹ́ta síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ní kí n máa fi rọ́bà fa ọwọ́ jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò sì mọ̀ bóyá mo ń ṣe é dáadáa.

Kiné Ṣábẹ̀

Ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ ya fídíò kékeré tí ẹ ti ń fa rọ́bà náà mọ́ ọn. Ìgúnpá kò gbọ̀dọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, ẹ ká aṣọ ìnura kan há a láàárín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tí aṣọ bá jábọ́, ẹ ò ṣe é dáadáa nìyẹn.