Ríra ọkọ̀ onígbòkun àlòkù tí kíìlì rẹ̀ gùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Láti Portsmouth:

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Èmi àti ọkọ mi ti gba ìwé ẹ̀rí Day Skipper (ti atukọ̀ onípele ìbẹ̀rẹ̀) ti RYA, ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ ìgbafẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì fẹ́ ra ọkọ̀ onígbòkun àlòkù kékeré kan tí kíìlì rẹ̀ (apá abẹ́ ọkọ̀ tí ó wọ inú omi lọ) gùn, tí a lè máa gbé lọ sí Isle of Wight, tí a sì lè gbé sọdá sí etíkun Faransé nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára. A ti rí Contessa 26 kan tí owó rẹ̀ kéré gan-an, ṣùgbọ́n ó ti wà lórí ilẹ̀ fún ọdún méjì láìsí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Kí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ta ni ó sì yẹ kí ó bá wa wò ó?

Láti Southampton:

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra. Irú ọkọ̀ tí ẹ ń wá yìí bá ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe mu. Folkboat, irú ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan, ni wọ́n wò ṣe Contessa 26, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kàn ní Lymington ní àwọn ọdún 1960. Folkboat fúnra rẹ̀ ti Sweden jáde ní 1942. Gígùn Folkboat jẹ́ mítà 7.68, ó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì, irin tí ó wà nísàlẹ̀ kíìlì sì kó nǹkan bí ìdajì ìwúwo náà. Nítorí ìwúwo ìsàlẹ̀ yìí àti gígùn kíìlì, ìgbì kì í tètè yí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yìn kíìlì ni ìtọ́kọ̀ so mọ́, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì sì fara pamọ́ síbẹ̀, tí okùn àwọn apẹja kì í fi í tètè lọ́ mọ́ wọn. Contessa 26 ni Tania Aebi, ọ̀dọ́bìnrin ará Amẹ́ríkà, fi yí ayé po láàárín 1985 sí 1987.

Ṣùgbọ́n owó tí olówó ọkọ̀ ń béèrè kọ́ ni iye tí ọkọ̀ náà yóò ná yín. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tuntun, pẹ̀lú owó àwọn tí yóò gbé e wọlé, lè ju owó tí ẹ fi ra ọkọ̀ kékeré àtijọ́ lọ, kí a tó wá sọ ti ìgbòkun tuntun àti ti àwọn wáyà tí ó di òpó mú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ni yóò sì béèrè ọdún tí wọ́n pààrọ̀ wáyà wọ̀nyẹn gbẹ̀yìn. Ní tèmi, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n san owó púpọ̀ sí i fún èyí tí olówó rẹ̀ ń gbé jáde lọ́dọọdún, tí rìsíìtì iṣẹ́ ara rẹ̀ sì pé, ju kí n ra èyí tí òjò ń pa lórí ilẹ̀.

Ní ti kíìlì, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe fi ìwúwo sí i. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, bóòtù onínọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de irin tàbí òjé mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Bóòtù wọ̀nyí a máa jẹrà níbi tí ojú kò tó, ó sì yẹ kí a yọ ọ̀kan tàbí méjì jáde wò. Nínú àwọn mìíràn, inú fáíbà (fiberglass) tí wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ ni ìwúwo náà wà. Àwọn wọ̀nyí kò ní bóòtù, ṣùgbọ́n bí ìsàlẹ̀ kíìlì bá ti fọ́ lára òkúta tí wọn kò sì tún un ṣe dáadáa, omi yóò wọlé. Bí ó bá sì jẹ́ irin ni ó wà nínú rẹ̀, yóò dípẹtà, yóò wú, yóò sì la fáíbà náà. Ẹ rọra fi òòlù kékeré kàn án, kí ẹ tẹ́tí, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí ó bá dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí dẹ́ẹ̀kì pẹ̀lú, pàápàá ní ẹsẹ̀ òpó, nítorí pé igi tí ó wà láàárín fáíbà a máa jẹrà bí omi bá ń jò sí i. Bí ẹ bá rí ìléròrò lábẹ́ ọkọ̀, tí omi inú rẹ̀ ń rùn bí ọtí kíkan, ẹ má tìtorí rẹ̀ sá. Àtúnṣe rẹ̀ gbówó lórí, ṣùgbọ́n kì í sábà mú ọkọ̀ rì.

Ẹni tí yóò bá yín wò ó ni oníṣẹ́ àyẹ̀wò tí ó wà nínú YDSA, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ya àwòrán ọkọ̀ àti àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, tí ẹ sì san owó rẹ̀. Kí ìwé àdéhùn sọ ọ́ kedere pé owó àsansílẹ̀ yín yóò padà bí àyẹ̀wò bá fi àbùkù ńlá hàn.

Láti Medway:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ èyí tí ó ṣe pàtàkì jù. Ti ìwé ni mo fẹ́ fi kún un. Nọ́ńbà SSR (ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ kéékèèké) tí ẹ bá rí lára ọkọ̀ kò fi hàn pé ẹni tí ń tà á ni ó ni ín. Ẹ gba ìwé títà láti ọwọ́ olówó kan dé òmíràn, àti ẹ̀rí pé wọ́n ti san owó orí ọjà (VAT) rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá wà nínú Part I, apá kìíní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ ti ìjọba, ẹ wò ó níbẹ̀ bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tún wá ibi tí ọkọ̀ yóò máa wà. Kíìlì gígùn kì í gbọ́ràn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fa ọkọ̀ padà sẹ́yìn, ààyè tóóró nínú màrínà (ibùdókọ̀ àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́) yóò sì fún yín ní wàhálà. Ẹ béèrè fún ààyè tí ó wà ní ìpẹ̀kun, tàbí kí ẹ so ó mọ́ bọ́ì (ohun tí ó léfòó tí a ń so ọkọ̀ mọ́) láàárín odò, níbi tí owó oṣooṣù kì í tó ti màrínà.