Àtètètọ́ ni mo fara mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá lánàá pé "ìkálọ́wọ́kò" ni kí á máa pe dídá sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun kó tó di bárakú láwùjọ. Wọ́n sì fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀: kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ní tèmi, "àtètètọ́" ni mo fẹ́ kí á máa pè é: kí á tètè tọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ bí a ṣe ń tọ́ ọmọ.

Òwe yẹn bọ́ sí i lápá kan. Lọ́dún 1980, David Collingridge, onímọ̀ kan tó ń ṣèwádìí nípa bí àwùjọ ṣe lè darí ìmọ̀ ẹ̀rọ, kọ ọ́ pé ìgbà tó rọrùn láti yí ìmọ̀ ẹ̀rọ padà, a kì í tíì mọ aburú tó lè ṣe. Ìgbà tí a bá fi mọ̀ ọ́n, ó ti ta gbòǹgbò.

Ṣùgbọ́n pípa là ń pa ìrókò inú òwe, bẹ́ẹ̀ a kò fẹ́ pa ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé kan ní Asilomar, ní Kalifọ́níà, ní oṣù kejì ọdún 1975. Kó tó dìgbà náà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú jíìnì (ohun tó ń gbé àbùdá láti ìran dé ìran) ohun abẹ̀mí kan lẹ̀ mọ́ ti òmíràn. Ní 1974, Paul Berg, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ gbogbo ayé pé kí wọ́n dá irú àwọn ìdánwò kan dúró ná, torí ẹ̀rù pé kòkòrò tí wọ́n bá ṣe lè bọ́ sígboro. Nígbà tí wọ́n wá jókòó ní Asilomar, wọn ò ní kí iṣẹ́ náà kú. Wọ́n ní kí ìṣọ́ra bá ewu mu, kí bakitéríà tí wọ́n ń lò sì jẹ́ aláìlera, èyí tí kò ní lè yè bó bá jáde kúrò ní yàrá ìwádìí. Ibẹ̀ yẹn wú mi lórí gan-an: inú nǹkan náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ààbò sí. Nígbà tó di 1978, bakitéríà tí wọ́n fi jíìnì sí lára ti ń pèsè insulin ènìyàn, èròjà tó ń ṣàkóso ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ní 1982, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn alárùn àtọ̀gbẹ. Ṣé ìkálọ́wọ́kò nìyẹn? Títọ́ ni wọ́n tọ́ ọ.

Ìdí tí mo fi mú "àtètètọ́" wá nìyẹn, a ṣẹ̀dá rẹ̀ bí àtètèkọ́ṣe. "Ìtọ́" nìkan ò lè dúró: bí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù láìsí àmì ohùn, itọ́ ẹnu tàbí ìtọ̀ ni àwọn èèyàn yóò kà á sí. "Ìtọ́sọ́nà" náà, ẹni tó ti wà lójú ọ̀nà la ń ṣe é fún.

Àǹtí wa kan bèèrè pé, bí a bá ní títọ́, ta wá ni òbí? Ìbéèrè gidi ni. Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ní Asilomar, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló pọ̀ jù níbẹ̀, àléébù ńlá sì nìyẹn lójú tèmi. Ní abúlé Bana, ní Burkina Faso, ó yàtọ̀: àwọn olùwádìí tó ń wá ọ̀nà láti fi ẹ̀fọn gbógun ti ibà kọ́kọ́ bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀, àwọn yẹn gbà, kí wọ́n tó tú akọ ẹ̀fọn tí wọ́n yí jíìnì wọn padà, tí kò lè bímọ, sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2019.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Burkina Faso pàṣẹ pé kí iṣẹ́ ẹ̀fọn náà dúró. Ìyẹn gan-an ni mo lè pè ní ìkálọ́wọ́kò. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa sílẹ̀ fún irú rẹ̀.