Wọ́n fẹ́ yọ mí nípò ààrẹ fraternity wa lọ́jọ́ Sunday, kí ni mo ṣe fún wọn?

Ẹni tó béèrè (ó forúkọ pamọ́):
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mo forúkọ pamọ́, ọkàn mi ò balẹ̀ ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo wà ní Amẹ́ríkà níbí, ọdún kẹta mi rè é, èmi sì ni ààrẹ fraternity wa, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin tó jọ ń gbé ilé kan, láti January. Àwa 34 la wà níbẹ̀, èmi nìkan lọmọ Nàìjíríà. Ẹ ò lè mọ ohun tójú mi ń rí. Ta ló ń kó ìdọ̀tí síta lálẹ́ Wednesday kí ọkọ̀ tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Èmi ààrẹ. Ta ló ń fọ àwo tí wọ́n jẹ tán tí wọ́n fi sílẹ̀ títí tó fi ń rùn? Èmi náà ni. Oṣù tó kọjá mo se ẹ̀fọ́, mo fi irú sí i dáadáa, ṣàkì, pọ̀nmọ́, ìkòkò kan gbáko tí mo fẹ́ fi jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo gbé e sí fíríìjì, kí n tó ti kíláàsì dé wọ́n ti dà á sínú àpò ìdọ̀tí, wọ́n ní ó jọ pé nǹkan kan ló kú sínú fíríìjì. Brother mi ni wọ́n o! Àwọn tá a jọ dira wa lọ́wọ́ mú tá a búra pé ìyà ẹnì kan ìyà gbogbo wa ni.

Wọ́n ti wá pe mítíìn Sunday báyìí kí wọ́n dìbò yọ mí. Ẹni 23 ni wọ́n nílò, ó sì jọ pé wọ́n ti pé. Akápò wa ló ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ó ní owó kan ò sí ní àkáǹtì. Mi ò jẹ kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run ń gbọ́. Ṣé kí n kọ̀wé fipò sílẹ̀ kí wọ́n tó yọ mí ni, àbí kí n dúró jà?

Ìyá Ìbejì Houston:
Fraternity kẹ̀??? Owó táwọn òbí ẹ tà ilẹ̀ kí wọ́n tó rí, òun lo fi lọ wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn nílùú òyìnbó. Jáde níbẹ̀ lónìí. Kò sí mítíìn Sunday kankan, ṣọ́ọ̀ṣì ni kó o lọ.

Bọ̀dá Akin:
Mummy ẹ fara balẹ̀, tibí kì í ṣe bíi ti ilé. Ẹ wo Alpha Phi Alpha, fraternity tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Cornell ní 1906, Martin Luther King wà lára ọmọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n lọ́fíìsì, ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ wọ́n, wọ́n ń sanwó insọ́ránsì. Àbúrò, kọ̀wé fipò sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kọjú sí ìwé ẹ.

Arẹ̀mú Ọ̀yọ́:
Àní ẹgbẹ́ Pyrates tí Soyinka àtàwọn mẹ́fà dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1952, ṣé cult ni wọ́n pè é nígbà yẹn? Àwọn ọmọ tó ń bá ìwà ọ̀yájú àwọn ọmọ ọlọ́lá jà ni.

Ìyá Ìbejì Houston:
Ibi tó bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni mò ń wí, ibi tó parí sí ni.

Kọ́lá Great Ife:
Ẹ jẹ́ kí Mummy sọ̀rọ̀ wọn o. Mo wà n'Ífẹ̀ ní July 1999. Láàárín òru la gbọ́ ìbọn, ẹni tá a jọ wà ní yàrá ní bàǹgà ni, ó tún yíra padà ó sùn. Ilẹ̀ mọ́ tán la gbọ́ pé akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn pa. Mo dé tọ́ìlẹ́ẹ̀tì, mo rí ṣíbá, kéènì omi, gbogbo ẹ̀ bó ṣe máa ń wà, kò kàn sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Títí di òní bí ẹnikẹ́ni bá pe brotherhood létí mi, òógùn máa ń bò mí. Èmi ò mọ̀ bóyá ti Amẹ́ríkà yàtọ̀.

Bọ̀dá Akin:
Ó yàtọ̀ sir.

Abẹ̀kẹ́ Maryland:
Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ọmọ yìí. Àbúrò, eélòó lowó tí wọ́n ń wí, kí sì lo fi ṣe?

Ẹni tó béèrè:
@Ìyá Ìbejì, mà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn, a máa ń lọ fún àwọn aláìnílé lóúnjẹ lóṣooṣù. Àwọn òbí mi ò sì ta ilẹ̀. Irú tí mo fi se ọbẹ̀ yẹn gan-an, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé e wá láti ilé, ọ̀rá mẹ́ta ló fi wé e kó má baà rùn nínú báàgì. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ṣadé Alásè:
Èmi ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yẹn ti tó mi láti fi yọ GBOGBO WỌN nípò 😭 ra fíríìjì kékeré sí yàrá ẹ jàre

Arẹ̀mú Ọ̀yọ́:
Má fipò sílẹ̀ o. Tó o bá ti lọ, wọ́n á ní olè ni ẹ́.

Abẹ̀kẹ́ Maryland:
Mo béèrè nǹkan kan o.

Ẹni tó béèrè:
$1,860 mà. Pàjáwìrì ni, brother kan ló nílò rẹ̀ lóru, mo fi káàdì ẹgbẹ́ san án. Tí èèyàn ò bá lè yọ brother ẹ̀ nínú ewu, kí la wá ń pè ní brotherhood? Akápò ń sùn lásìkò yẹn, ta ni kí n bi?

Bàbá Rẹ̀mí:
Wo ọmọ yìí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí. Ọjọ́ kan ìyàwó ààrẹ wa bímọ, ó ní ká yá òun ní $300 nínú owó ìsìnkú, mo ní rárá. Kò kí mi fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ìwé wò, ọwọ́ mi mọ́. Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó àpò, bó o bá fẹ́ ṣoore, fi tìẹ ṣe é. Dá owó wọn padà.

Bọ̀dá Akin:
Fipò sílẹ̀, kó o dá owó padà. Ó parí.

Abẹ̀kẹ́ Maryland:
Kò parí. Pàjáwìrì bíi ti kí ni?

Ẹni tó béèrè:
Owó ọsibítù ni mà. Ọ̀kan nínú àwọn tuntun ló mu ọtí jù lálẹ́ tá à ń gbà wọ́n wọlé. A gbé e lọ nínú mọ́tò, ara ẹ̀ ti yá, ó ti ń lọ kíláàsì. Kò fẹ́ lo insọ́ránsì nítorí lẹ́tà máa lọ sílé, bàbá ẹ̀ á rí i. Èmi ni mo ní kó má dààmú.

Abẹ̀kẹ́ Maryland:
Ọmọ ọdún mélòó? Ta ló fún un lọ́tí?

Ẹni tó béèrè:
18 mà. Kò sí ẹni tó fún un bẹ́ẹ̀. Ìgò kan la máa ń gbé síwájú ẹni méjì-méjì, wọn ò gbọdọ̀ dìde títí tó máa tán. Àṣà ilé yẹn ni, wọ́n ṣe é fún èmi náà, mo bì, mo sùn, ilẹ̀ mọ́.

Kọ́lá Great Ife:
Ó yàtọ̀ sir, àbí?

Abẹ̀kẹ́ Maryland:
Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n hazing ni wọ́n ń pe ohun tó o júwe yẹn. Ní Penn State ní February 2017, ọmọ ọdún 19 kan mutí báyìí nílé fraternity, ó ré lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 12 kí wọ́n tó pe ambulance. Ọmọ náà kú. Pennsylvania ṣòfin lé e lórí ní 2018, nígbà tó sì di 2024, ààrẹ ẹgbẹ́ yẹn wà lára àwọn tí wọ́n rán lẹ́wọ̀n. December 2024 náà ni Biden fọwọ́ sí òfin tó ní kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa kọ ìṣẹ̀lẹ̀ hazing síta. Ẹ̀yin gbé tiyín lọ ọsibítù, ẹ dúpẹ́. Ìwé wo lo fi wà ní Amẹ́ríkà? Ṣé ilé ẹ̀kọ́ ti mọ̀?

Ẹni tó béèrè:
F-1 ni mà, físà akẹ́kọ̀ọ́. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀. Ọ́fíìsì dean kọ ìmeèlì sí mi ní Tuesday pé kí n wá ní Friday aago mẹ́wàá, wọ́n ní lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Mo rò pé lórí ariwo pátì ni. Oṣù tó kọjá ni mo fọwọ́ sí ìwé fún ọ́fíìsì àpapọ̀ fraternity wa pé kò sí hazing lọ́dọ̀ wa, gbogbo ààrẹ ló máa ń fọwọ́ sí i.

Bàbá Rẹ̀mí:
Hẹ̀ẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ lò ń sọ fún wa látàárọ̀.

Abẹ̀kẹ́ Maryland:
Gbàgbé Sunday. Friday ni wàhálà ẹ. Tí wọ́n bá dá ẹ dúró nílé ẹ̀kọ́, F-1 yẹn lè bá a lọ. Lọ́la gangan, wá lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti ti ìmígíréṣọ̀n, kọ sí dean pé o fẹ́ kí wọ́n sún ọjọ́ yẹn síwájú. Lọ́yà ọ̀fẹ́ tó wà nínú ọgbà lè tọ́ ẹ sọ́nà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í gbèjà ọmọ níwájú ilé ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀. Má purọ́ fún ẹnikẹ́ni, má sì pa nǹkan kan rẹ́ lórí fóònù.

Ẹni tó béèrè:
Akápò ti ní ká pa group chat alẹ́ yẹn rẹ́. Mo ti pa tèmi, ní Monday.

Ìyá Ìbejì Houston:
Yéè! Ta lo ní kó bá ẹ gbèrò! Ọmọ mi, ṣé ìyá ẹ mọ̀?

Bọ̀dá Akin:
Má bínú àbúrò, mi ò mọ̀ pé ó tó báyìí. Ṣàyẹ̀wò inbox ẹ, mo fi orúkọ lọ́yà kan ránṣẹ́.

Abẹ̀kẹ́ Maryland:
Sọ ọ̀rọ̀ group chat yẹn fún lọ́yà kó o tó sọ ohunkóhun mìíràn. Má tún kọ nǹkan síbí mọ́.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé mà. Èyí nìkan ló kù. Ọmọ tuntun yẹn wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi báyìí, òun náà ti gba ìmeèlì, ó ní kí ni kí òun sọ fún wọn. Mo ti ń fi í dúró láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Abẹ̀kẹ́ Maryland:
Má kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Ní kó pe bàbá ẹ̀.