Kúlà kì í mú nǹkan tutù: èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ ìdí ààrò

Ẹ̀yin ará ilé,

Ẹ kú ìjíròrò. Ìbéèrè tí àbúrò wa tó wà ní Texas mú wá lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ dá sí. Ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, tí wọ́n á fà lọ sínú igbó, tí wọ́n á sì sùn sínú rẹ̀. Ó fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé nínú fídíò bí òun ṣe to kúlà àti sítóòfù sí i, ó wá béèrè ohun tí a lè máa pe "galley", ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń dáná lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kó pe galley ní "ìdánákọ̀", kó pe kúlà ní "amóhuntutù", kó sì pe sítóòfù ní "ẹ̀rọ ìdáná". Ẹlòmíràn ní kó kúkú máa pè é ní "gálì", kí gbogbo wa sinmi.

Mo ti kan irú ọkọ̀ yìí rí, lẹ́yìn ilé mi ní Maryland, oṣù mẹ́rin gbáko. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń kàn án. "Teardrop" ni wọ́n ń pè é, torí iwájú rẹ̀ rí róbótó, ẹ̀yìn rẹ̀ wá ń tẹ́ lọ sílẹ̀ bí ẹ̀kán omijé. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú àti ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn lọ, ìyẹn ìwọ̀n odindi pákó plywood kan. Bẹ́ẹ̀dì nìkan ló wà nínú rẹ̀, èèyàn kò lè nàró níbẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ti ń dáná, lábẹ́ ìdérí kan tí wọ́n ń gbé sókè bíi ti búùtù mọ́tò. Ìta ni alásè máa dúró sí, ìdérí yẹn á wá ṣíji bò ó.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, "ìdánákọ̀" kò dùn létí. Tí ìyá mi bá gbọ́ ọ, ohun tó máa bi mí ni pé ta ló dáná sun ọkọ̀. Tí a bá sì kọ ọ́ láìfi àmì sí i, bí a ṣe máa ń kọ̀wé lórí fóònù, ẹlòmíràn á kà á sí ìdána, á máa wá ìyàwó lẹ́yìn ọkọ̀. "Ilé ìdáná" náà kò bọ́ sí i, nítorí ìta gbangba ni ẹni tó ń ro àmàlà wà. Ti "gálì", etí á máa gbọ́ ọ bíi gàrí.

Ìdí ààrò ni mo fara mọ́ pé ká máa pe galley. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ìdí nǹkan ni ibi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ìdí àtẹ, ìdí ẹ̀rọ, ìdí iṣẹ́ ẹni tí wọ́n ti ń mọ ẹni lọ́lẹ. Ìdí náà ni ẹ̀yìn, ààrò yìí sì wà ní ìdí ọkọ̀ gan-an! Ẹnì kan á ní olókùúta mẹ́ta ni ààrò, pé ààrò mẹ́ta ni kì í da ọbẹ̀ nù, pé gáàsì olójú méjì kò ní òkúta kankan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú omi ni ọkọ̀ wà kí mọ́tò tó dé, nígbà tí mọ́tò sì dé, a ò wá orúkọ míì lọ. Bàálù náà dé, ó di ọkọ̀ òfuurufú. Ààrò lè gbéra kúrò lórí òkúta bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kúlà ló ká mi lára jù. Ohun tó ń mú nǹkan tutù ni amóhuntutù, fíríìjì nìyẹn. Kúlà kì í mú nǹkan tutù. Ẹ gbé ìgò mínírà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú rẹ̀ láàárọ̀ láìfi yìnyín sí i, ẹ padà wá nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa bá a. Iṣẹ́ tí kúlà mọ̀ kò ju kó má jẹ́ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ tètè yí padà. Àwa la sì mọ èyí jù. Níbi ìnáwó, kí la máa ń kó sínú kúlà? Ìrẹsì gbígbóná! Alásè á fi ọ̀rá bò ó lójú, á dé e pa. Tó bá di aago mẹ́ta tí wọ́n ṣí i, ooru á ṣì máa gbá wọn lójú. Òyìnbó kan tí mo ṣàlàyé èyí fún níbi iṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí, ó ní báwo lẹ ṣe ń kó oúnjẹ gbígbóná sínú ohun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ amútutù. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé ni mo ro ó pé orúkọ tiwọn ni kò kún tó. Kúlà tiwa ti di ọmọ ilé, ó ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀, kò bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe mọ́.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Fíríìjì kékeré oní-fóltì 12 wà tí àwọn kan ń gbé sínú irú ọkọ̀ yìí. Ó fẹ́ bátìrì, ó sì fẹ́ àyè tí ooru ara rẹ̀ máa gbà jáde. Tí wọ́n bá há a mọ́ àárín pákó, kò ní sinmi, á jẹ bátìrì tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Kúlà kò fẹ́ ìkankan nínú ìyẹn. Ihò tí omi yìnyín máa gbà ṣàn jáde ló fẹ́, àti àyè tí ìdérí rẹ̀ máa gbà ṣí.

Ìdérí yẹn fìyà jẹ mí. Mo wọn kúlà mi, gíga rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 15. Mo fi íǹṣì 17 sílẹ̀ lábẹ́ pẹpẹ tí gáàsì máa jókòó lé, mo ní mo gbọ́n. (Pẹpẹ ni mo ní o, tiwa ni kí ṣọ́ọ̀ṣì tó gbà á.) Mo ti kúlà wọlé, ó wọlé gẹ́lẹ́. Ìyàwó mi ní kí n fún òun lómi, mo gbé ìdérí, ó sọ pẹpẹ: gbàà! Àyè tó ṣí kò gbà ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Mo ń fi ìka wá omi bí ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Irin dúrọ́ọ̀ méjì tó lè gbé pọ́n-ùn 100 ló gbà mí, tí gbogbo kúlà fi ń fà jáde síta kí n tó ṣí i.

Ti sítóòfù kò gùn. Nílé, ẹni tó bá gbọ́ sítóòfù, kẹrosíìnì àti òwú ló ń rò. Èyí tó ń lo sìlíńdà, gáàsì là ń pè é. Kí àbúrò wa pè é ní gáàsì olójú méjì. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó yọ gbólóhùn "èéfín olóró" tó kọ síbi ìkìlọ̀ nínú ọ̀rọ̀ fídíò rẹ̀ kúrò. Èéfín, ojú ń rí i, imú ń gbọ́ ọ. Carbon monoxide tó ń jáde níbi iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó, kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ẹni tí a bá ní kó ṣọ́ èéfín máa wò yíká, kò ní rí nǹkan kan, á sì gbé gáàsì wọ ibi tó ń sùn nítorí òtútù. "Afẹ́fẹ́ olóró tí a kì í rí" ni kó kọ, bó tilẹ̀ gùn. Propane tó wà nínú sìlíńdà tún yàtọ̀: òun ní òórùn tí wọ́n fi sí i, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń sá sí tó bá jò. Kó lu ihò sísàlẹ̀ ìdí ààrò yẹn.

Orúkọ ọkọ̀ náà ló kù. Tírélà kò ṣe é pè é, torí ohun tó ń kó sìmẹ́ńtì lójú ọ̀nà Ìbàdàn ló máa wá síni lọ́kàn. Kí ló dé tí a ò pè é ní ìkarahun? Ìgbín ń fà, ìkarahun ń tẹ̀lé e, ó tiẹ̀ jọ ọ́ lójú. Tí ẹ̀gbọ́n bá ní ọ̀rọ̀ míì, mo ń gbọ́.

Àbúrò mi, má kó gbogbo ẹrù sí ìdí ìkarahun náà o. Ó kéré tán, ìdá 10 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí irin tó fi so mọ́ mọ́tò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tó o bá fi sáré lójú títì, ńṣe ni yóò máa jùdí lẹ́yìn rẹ. Kó o tó fi gúlù lẹ pẹpẹ yẹn, kọ́kọ́ ṣí ìdérí kúlà wò.