Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n lẹ veneer tín-ín-rín, ìbòrí pẹlẹbẹ fún ojú eyín, mọ́ eyín iwájú?

Àbíkẹ́, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó mi, eyín iwájú mi lókè ló ń dà mí láàmú. Kò kẹ̀, kò sì dùn mí, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín eérú àti kọfí láti kékeré. Kò sí ọṣẹ ìfọyín tí mi ò tíì rà. Arábìnrin kan tó ń ṣe èékánná ní Sábó ní òun á lẹ veneer mọ́ mẹ́fà, wákàtí kan péré, kò ní ha eyín, kò sí abẹ́rẹ́. Dókítà eyín tí mo pè ní òun ò lè sọ nǹkan kan láìrí ẹnu mi. Ta ni kí n tẹ̀ lé? Mo tún ní èjí, mi ò fẹ́ kí wọ́n dí i o.

Ìyá Ìbejì: Èjí tí àwọn ẹlòmíì ń sanwó kí wọ́n lè bá wọn là? Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án! Ti veneer, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Eléyín: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má lọ sí Sábó. Veneer tín-ín-rín gidi, tánganran ni, mìlímítà 0.3 sí 0.5 ni, kò nípọn ju èékánná lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ eyín rẹ, wọ́n á tọ́jú èrìgì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ásíìdì pa ojú eyín kí gọ́ọ̀mù lè dì í mú, wọ́n á tan iná búlúù sí i kó lè le. Bí itọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ bá kàn án lásìkò yẹn, kò ní pẹ́ ṣí. Ta ló fẹ́ ṣe gbogbo ìyẹn nídìí èékánná? Àmọ́ bi màmá rẹ: oògùn wo ni wọ́n máa ń fún ọ ní kékeré?

Àbíkẹ́: Mo ti pè wọ́n, ẹ̀gbọ́n. Kápúsù pupa-àti-yẹ́lò yẹn ni. Wọ́n á tú u sínú ẹ̀kọ gbígbóná fún mi nígbàkigbà tí mo bá ń ṣu gbuuru.

Nọ́ọ̀sì Eléyín: Ó tán. Tetracycline nìyẹn. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 bá ń lò ó, á wọnú eyín tó ṣì ń dàgbà lọ́wọ́, ìdí tí ọṣẹ ò fi ràn án nìyẹn. Ibi tí wàhálà wà ni pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú tánganran tín-ín-rín kọjá, àwọ̀ eérú yẹn á máa yọjú lábẹ́ rẹ̀. Kó tó lè bò ó, àfi kó nípọn sí i. Bó bá sì nípọn, wọ́n á ha lára eyín rẹ. Èyí tí wọ́n bá ha kúrò kì í hù padà. Wọ́n lè kọ́kọ́ fi oògùn tó ń sọ eyín di funfun sí i fún oṣù mélòó kan. Ìyẹn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí oògùn ò lè yí àwọ̀ tánganran padà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Mo ṣe mẹ́rin l'Ékòó kí n tó padà sí Iléṣà. Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́, obì ò ràn án. Ṣùgbọ́n ó dìgbòóṣe fún eegun adìyẹ àti fífi eyín ṣí ọtí. Orógbó ló sán ọ̀kan, mo sì tún un san. Mo máa ń pa eyín keke lóru, ni dókítà bá ṣe ike kan tí mò ń fi sẹ́nu sùn. Wọ́n ní ọdún 10 sí 15 ni kí n máa retí.

Àlàájà: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Oúnjẹ ń há sábẹ́ rẹ̀, èrìgì wú, ó di ẹni tó ń fọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n máa tú u, ara eyín bá a lọ.

Àbíkẹ́: Ha! Ilé ìwòsàn Tíṣìn ni mò ń lọ lọ́jọ́ Ajé. Tí kò bá wá parí kó tó di Oṣù Kejìlá ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Eléyín: Ó ṣeé ṣe kó má parí, má tan ara rẹ. Bi wọ́n bóyá wọ́n lè fi ike aláwọ̀ eyín bo méjì iwájú ná. Sọ ọ̀rọ̀ èjí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kọ iye owó eyín kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ọ. Tètè débẹ̀ o, káàdì gbígbà máa ń pẹ́.

Ìyá Ìbejì: Aṣọ ẹbí ńkọ́? Eélòó?